Ọmọ Méjì Lọ́dún Kan: Ìtàn Leopold Mozart, Olùkọ́ Fáólìnì

  

Bí wọ́n bá dárúkọ Mozart, ta lẹ máa ń rántí? Ẹni tó bá fẹ́ràn orin ayé àtijọ́ àwọn òyìnbó yóò ní Wolfgang ni, ọmọ tó ti ń hun orin kí ó tó pé ọdún 6. Ẹ ò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ rẹ̀ lálẹ́ òní. Leopold lorúkọ rẹ̀. Ó ta fáólìnì láàfin fún ọdún tó lé ní 40, ó kọ́ ọmọ olówó, ó kọ́ ọmọ tálákà, ó sì tún jókòó ti ìwé bí onímọ̀. Lọ́dún 1756, ọmọ méjì ni ọkùnrin yìí bí. Ìyàwó rẹ̀ ló bí ọ̀kan. Òun alára ló fi kálàmù bí èkejì. Ọmọ inú lẹ mọ̀. Ọmọ kálàmù ni mo fẹ́ fi hàn yín.

Ẹni tí kò bá tíì rí fáólìnì lójúkojú, kó rántí gòjé inú sákárà. Ẹ fetí sí orin Yusuf Ọlátúnjí dáadáa, ẹ ó gbọ́ ohùn kan tó ń sunkún láàárín ìlù bí ẹni tó ní ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ. Gòjé nìyẹn. Igbá ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n fi awọ bò ó lójú, okùn kan ṣoṣo ló ní, wọ́n sì ń fi ọrun kékeré fà á. Igi ni fáólìnì ní tirẹ̀, okùn rẹ̀ jẹ́ 4. Láyé Leopold, ìfun àgùntàn ni wọ́n fi ń ṣe okùn náà, irun ìrù ẹṣin ló sì wà lára ọrun. Ohun tó mú kó ṣòro ni pé ọrùn rẹ̀ dán bọ̀rọ́. Kò sí ìlà, kò sí àmì tó ń sọ fún ìka pé ibí ni kó tẹ̀. Etí nìkan ló mọ̀ ọ́n. Bí ìka bá fi bí ìbú ẹ̀yà owú kan ṣìnà, gbogbo ilé á mọ̀.

Ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá ọdún 1719 ni wọ́n bí Leopold ní Augsburg, ní gúúsù Jámánì. Bàbá rẹ̀ ń di ìwé pọ̀, iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí inú òórùn àtè àti bébà ni ọmọ náà ti dàgbà. Ó lọ sílé ìwé àwọn àlùfáà Jesuit, ó kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin, ó kọ́ ọ̀gáànù àti fáólìnì. Bàbá kú ní 1736. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Leopold gbéra lọ sí yunifásítì ní Salzburg, ó lóun fẹ́ kọ́ ìmọ̀ ọgbọ́n orí àti òfin.

Ẹ jẹ́ ká rẹ́rìn-ín díẹ̀ níbí yìí. Ọkùnrin tó wá di olùkọ́ tí kì í gba gbẹ̀rẹ́, ní 1739 ni yunifásítì lé òun náà jáde. Kí ló ṣe? Kì í wá sí kíláàsì! Orin ti gbà á lọ́kàn. Ó lọ ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ìjòyè kan tó tún ń lò ó bí eléré, ó ń ṣe ìránṣẹ́, ó sì ń ta fáólìnì. Ní 1740, ó gbé ìwé orin rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, orin 6 ló wà nínú rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì fi ọwọ́ gbẹ́ àmì orin náà sára bàbà tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Ọmọ adìwépọ̀ kò bẹ̀rù iṣẹ́ ọwọ́.

Nígbà yẹn, ìlú olómìnira ni Salzburg. Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ló ń ṣe olórí ìjọ, òun náà ló sì ń ṣe ọba. Ó ní ẹgbẹ́ eléré tirẹ̀, bí ọba wa ṣe ń ní onílù láàfin: wọ́n ń ṣeré nínú ìsìn, wọ́n ń ṣeré nídìí oúnjẹ, wọ́n ń ṣeré bí àlejò bá dé. Ní 1743, Leopold wọ ẹgbẹ́ náà, ipò kẹrin ni wọ́n fi í sí láàárín àwọn ata-fáólìnì. Ipò kékeré ni. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ní kó máa kọ́ àwọn ọmọdékùnrin akọrin ilé ìjọsìn ní fáólìnì. Ibẹ̀ ló ti rí ohun tó dùn ún.

Ohun tó rí ni pé iṣẹ́ àwọn olùkọ́ kan ń ba ọmọ jẹ́. Ọmọ á dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á ti lo ọdún bíi mélòó kan lọ́wọ́ ẹlòmíràn, á sì mọ orin díẹ̀ tí ó ń fi ṣe fáàrí. Bí Leopold bá wá wo bó ṣe gbé fáólìnì, bó ṣe di ọrun mú, bó ṣe ń ka àkókò orin, yóò rí i pé kò sí nǹkan nísàlẹ̀. Àwọn àgbà wa ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ó di dandan kó wó ilé náà palẹ̀ kó tó tún un mọ. Òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́ nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé rẹ̀ pé ìbànújẹ́ yìí ló sún òun kọ ọ́: òun ní láti dá akẹ́kọ̀ọ́ padà síbẹ̀rẹ̀, kí òun sì tún fa gbòǹgbò àṣìṣe tí ẹlòmíràn gbìn sí wọn lára tu.

Orúkọ ìwé náà lédè Jámánì ni “Versuch einer gründlichen Violinschule”. Ọ̀rọ̀ kan wà láàárín rẹ̀ tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́: gründlich. Inú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pe ilẹ̀ àti ìpìlẹ̀ ni wọ́n ti fà á yọ. Bí ẹni wí pé: ẹ̀kọ́ fáólìnì láti ìpìlẹ̀ wá. Ní Augsburg, ìlú bàbá rẹ̀, ni Johann Jakob Lotter ti tẹ̀ ẹ́. Lẹ́tà ń lọ lẹ́tà ń bọ̀ láàárín Salzburg àti Augsburg, Leopold ń tún àṣìṣe ìtẹ̀wé ṣe, ó ń ṣàlàyé bí àmì orin ṣe gbọ́dọ̀ rí. Láàárín àwọn lẹ́tà iṣẹ́ yìí ni ọ̀kan wà, ti ọjọ́ 9 oṣù Kejì 1756, tó sọ fún Lotter pé ìyàwó òun ti bímọ ọkùnrin lálẹ́ ọjọ́ 27 oṣù Kìíní, pé ibi kò tètè wá, pé ara ìyá ọmọ rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n tìyátọmọ ti ń gbádùn. Wolfgang nìyẹn. Inú lẹ́tà ìtẹ̀wé ni ìròyìn rẹ̀ wà.

Kí ló wà nínú ìwé náà? Ó kọ́kọ́ ka oríṣiríṣi ohun èlò olókùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tú ìtàn ibi tí orin ti wá, ó sì wádìí ohun tí àwọn ará Gíríìkì àtijọ́ ń sọ. Ìmọ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ló wá kan orí 12 tó dá lórí iṣẹ́ gan-an: bí a ṣe ń mọ àmì orin, bí a ṣe ń gbé ohun èlò, bí a ṣe ń fa ọrun wá sílẹ̀ tàbí tì í lọ sókè, bí a ṣe ń fi ẹwà sí ohùn láìsọ ọ́ di àṣejù.

Ẹ jẹ́ kí n mú díẹ̀ jáde. Ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ máa fa ọrun pẹ̀lú gbogbo agbára, kí ohùn rẹ̀ le, kí ó má máa yọ́ ọ fà bí ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Bẹ́ẹ̀ ni, ohùn yóò kọ́kọ́ le jù. Kò burú. Ẹni tó bá ti ní agbára ló lè kọ́ bó ṣe ń rọra. Ó tún kíyè sí ohun tí etí lásán kò gbọ́: pé gbogbo ohùn tí ọrun bá mú jáde, bó ti wù kó le tó, ó ní ìbẹ̀rẹ̀ rírọ̀ díẹ̀. Bí ìrọ̀rùn yẹn kò bá sí, ariwo ló kù. Ẹ tún gbọ́ bó ṣe ka ìwà àwọn eléré: èyí ń ká imú, èyí ń yí ẹnu, èyí ń mí hẹ̀ẹ̀hẹ̀ẹ̀ bí ẹni tó ru ẹrù gun òkè. Àwọn kan wà tí wọ́n ń gbọn ìka lórí okùn láìsinmi kí ohùn lè máa mì. Leopold ní wọ́n dà bí ẹni tí àrùn gbọ̀n-ọ́n-gbọ̀n-ọ́n ń ṣe.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù nìyí. Àwọn olùkọ́ kan láyé ọjọ́un ń lẹ bébà kéékèèké mọ́ ọrùn fáólìnì, wọ́n kọ lẹ́tà sí i, kí ọmọ lè mọ ibi tí yóò tẹ̀. Àwọn mìíràn tiẹ̀ ń fi ọ̀bẹ gé e. Inú Leopold kò dùn sí i rárá. Èrò rẹ̀ ni pé bí ọmọ bá ní etí, kò nílò bébà. Bí kò bá ní etí, kó lọ mú àáké, kó máa la igi.

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, mo rẹ́rìn-ín títí nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ibẹ̀. Mo ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì kan rí, mo bá kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n ti fi bírò kọ lẹ́tà sí gbogbo eyín rẹ̀, C, D, E, títí dé òpin. Ọmọ tó ń tẹ̀ ẹ́ kò gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan. Ó ń ka eyín kíbọ́ọ̀dù bí ẹni ń ka nọ́ńbà ilé. Akọrin ti lọ sókè, òun ṣì ń wá ibi tí F wà. Ọ̀rọ̀ àáké yẹn le, n kò lè sọ ọ́ sí ọmọ ọlọ́mọ. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nídìí rẹ̀ dá mi lójú: ọ̀nà àbùjá ń gba etí lọ́wọ́ ọmọ.

Ohun mìíràn wà tí yóò ya ẹni tó fẹ́ràn òkìkí lẹ́nu. Leopold gbé ata-fáólìnì inú ẹgbẹ́ ga ju ẹni tó ń dá ta á lọ. Ó ní ẹni tó ń dá ta á lè tún orin kan ta lójoojúmọ́ títí yóò fi mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì lè fa àkókò bó ṣe wù ú. Ẹni tó wà nínú ẹgbẹ́, ó ní láti ka ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé síwájú rẹ̀, kó lóye èrò ẹni tó kọ ọ́, kó sì máa gbọ́ ti ẹnìkejì rẹ̀. Ẹ rántí pé ipò kẹrin ni ọkùnrin yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ó mọ ohun tó ń sọ.

Ìwé náà rìn. Eléré kan tó ń jẹ́ Quantz ti kọ tirẹ̀ lórí fèrè ní 1752, ọmọ Bach olórin, Carl Philipp Emanuel, ti kọ tirẹ̀ lórí dùùrù ní 1753. Ti Leopold dé ní 1756, àwọn mẹ́ta wá di ìwé tí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe orin nígbà yẹn gbọ́dọ̀ ṣí.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká padà sílé. Ọmọ 7 ni Leopold àti Anna Maria ìyàwó rẹ̀ bí. Márùn-ún kú ní kékeré. Méjì ló kù: Maria Anna, tí wọ́n ń pè ní Nannerl, tí wọ́n bí ní 1751, àti Wolfgang. Bàbá ṣe ìwé orin kékeré kan fún Nannerl, ó sì ń kọ ọ̀rọ̀ sí etí ojú ewé rẹ̀. Lábẹ́ orin kan, ó kọ ọ́ pé Wolfgang kọ́ èyí ní ọjọ́ 24 oṣù Kìíní 1761, ọjọ́ mẹ́ta kí ó tó pé ọdún 5, láàárín aago 9 sí aago 9 ààbọ̀ alẹ́. Ẹ wo bàbá tó ń fi aago sí ìtàn ọmọ!

Ọ̀rẹ́ ìdílé náà kan wà, Schachtner, tó ń fun kàkàkí láàfin. Ó sọ pé lọ́jọ́ kan àwọn mẹ́ta kóra jọ láti ta fáólìnì nílé Leopold. Wolfgang kékeré ní kí wọ́n jẹ́ kóun ta ohùn kejì. Bàbá ní rárá, wọn kò tíì kọ́ ọ. Ẹ rántí ìlànà: ìpìlẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Ọmọ náà bú sẹ́kún, ó fẹsẹ̀ janlẹ̀. Wọ́n bẹ bàbá, bàbá ní ó dáa, jókòó ti Schachtner, ṣùgbọ́n fà á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kí a má gbọ́ ọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí Schachtner fi rí i pé wọn kò nílò òun mọ́. Ó rọra gbé fáólìnì tirẹ̀ sílẹ̀. Ó bojú wo Leopold. Omijé ń dà lójú rẹ̀.

Mo máa ń ronú lórí omijé yẹn. Ayọ̀ wà nínú rẹ̀, kò sí àníàní. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ odindi ìwé láti fi hàn pé kò sí ẹni tó lè fo ìpìlẹ̀, ọmọ bíbí inú rẹ̀ ṣì fò ó níṣojú rẹ̀.

Ní oṣù Kejì 1763, wọ́n fi Leopold ṣe igbákejì ọ̀gá àgbà eléré láàfin. Ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn, ó kó ìyàwó àti ọmọ méjèèjì sọ́kọ̀ ẹlẹ́ṣin, wọ́n jáde nílé, wọn kò sì padà títí di oṣù Kọkànlá 1766. Wọ́n dé Paris, wọ́n lò ju ọdún kan lọ ní London, wọ́n dé Holland, níbi tí àìsàn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọmọ méjèèjì lọ́wọ́ wọn. Gbogbo ojú ọ̀nà ló ń kọ́ wọn. Bàbá ni olùkọ́, bàbá ni alágbàtà eré, bàbá ni akápò.

Holland yìí kan náà ni ohun tó wù mí jù nínú ìtàn yìí ti ṣẹlẹ̀. Ní 1766, ilé ìtẹ̀wé kan ní ìlú Haarlem ti tú ìwé fáólìnì Leopold sí èdè Dutch. Atẹ̀wé náà gbé ẹ̀dà kan tí wọ́n dì dáadáa wá fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Wọ́n sì mú Wolfgang, ọmọ ọdún 10, lọ sídìí ọ̀gáànù ńlá ilé ìjọsìn ìlú náà, wọ́n ní kó tẹ̀ ẹ́. Ẹ wo Leopold lọ́jọ́ yẹn. Ọmọ kálàmù wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ti fi èdè mìíràn wọ̀ ọ́ láṣọ. Ọmọ inú wà lókè, ó ń mú kí gbogbo ilé náà máa hó. Àwọn méjèèjì pé ọdún 10 lọ́dún yẹn. N kò rò pé ọkùnrin náà tún rí ọjọ́ tó dùn tó bẹ́ẹ̀.

Torí pé iṣẹ́ kíkọ́ ọmọ náà gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Kí Wolfgang tó dàgbà, Leopold ń kọ orin gan-an: orin ìrìn àjò orí yìnyín, orin ìgbéyàwó àwọn ará oko. Bí ọmọ ṣe ń ga, kálàmù bàbá ń wálẹ̀. Igbákejì ni wọ́n fi í ṣe, igbákejì ló sì wà títí ó fi kú. Àwọn mìíràn ni wọ́n ń mú wá jẹ ọ̀gá lé e lórí.

Ní 1777, Wolfgang fẹ́ jáde lọ wáṣẹ́, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà tuntun kò fún Leopold láàyè láti bá a lọ. Ìyá ló tẹ̀ lé e. Ìyá kò padà. Paris ló kú sí ní ọjọ́ 3 oṣù Keje 1778, ọkọ rẹ̀ wà ní Salzburg, lẹ́tà ló gbé ìròyìn náà wá. Ní 1781, Wolfgang já ara rẹ̀ gbà kúrò lábẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù, ó fìdí kalẹ̀ sí Vienna. Lọ́dún kejì ó gbéyàwó, ìgbà tí ìgbéyàwó ti parí ni lẹ́tà ìyọ̀ǹda bàbá tó dé. Bí ọmọ tí a fún ní ìyẹ́ bá fò, kí la fẹ́ bá a wí sí? Síbẹ̀, ó dun bàbá.

Ní oṣù Kejì 1785, Leopold lọ kí ọmọ ní Vienna. Lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n ta àwọn orin tuntun tí Wolfgang kọ fún Joseph Haydn, eléré tí gbogbo Yúróòpù ń wárí fún. Haydn yíjú sí bàbá, ó fi Ọlọ́run búra fún un pé nínú gbogbo akọrin-sílẹ̀ tóun mọ̀, ọmọ rẹ̀ ló ga jù. Leopold kọ ọ̀rọ̀ náà sínú lẹ́tà, ó fi ránṣẹ́ sí Nannerl. Ẹni tó ń fi aago sí etí ojú ewé ní 1761 ṣì ń kọ nǹkan sílẹ̀.

Ó kú ní Salzburg ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún 1787. Yorùbá ní ẹni ọmọ sin ló bímọ. Wolfgang wà ní Vienna, kò wá síbi ìsìnkú. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, òun náà kú, ó jẹ́ ẹni ọdún 35.

Ṣùgbọ́n lọ́dún 1787 yẹn kan náà, ìtẹ̀jáde kẹta ìwé fáólìnì jáde. Lónìí, àwọn tó ń ta fáólìnì olókùn ìfun, tí wọ́n fẹ́ mọ bí orin Wolfgang ṣe dún létí àwọn tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ, inú ìwé bàbá ni wọ́n ń wá a sí: bí ọrun ṣe ń sọ̀kalẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìpín orin kọ̀ọ̀kan, bí ìka ṣe ń mì níwọ̀n. Ọmọ kálàmù ló ń ṣàlàyé ọmọ inú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ ọmọ lórin, ní ilé ìwé, ní ṣọ́ọ̀ṣì, nínú yàrá ilé yín, mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbìyànjú ohun kan lọ́la. Bí lẹ́tà bá wà lára kíbọ́ọ̀dù yín, ẹ bu omi díẹ̀ sí aṣọ, kẹ́ ẹ nù ún kúrò. Ọmọ náà á kọ́kọ́ ṣìnà. Ẹ ní sùúrù, ẹ jẹ́ kó fetí sílẹ̀.